Búlúù Tí Bàbá Sánmà Kò Gbà Gbọ́

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi irọ́ kankan sí i, kí eyín tó kù lẹ́nu mi já bọ́ sínú omi tí mo bá fẹ́ mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀ yẹn, mo rí yín. Lóòótọ́, eyín ọ̀hún kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì wúlò fún mi, n kò sì ní fi í búra lásán.

Ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Bàbá Sánmà. Kì í ṣe pé ó ga. Kúkúrú ni; bí ó bá jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Òun ló ń ya aṣọ ẹ̀yìn fún àwọn oníṣẹ́ fọ́tò, aṣọ ńlá tí wọ́n máa ń ta sára ògiri, tí oníbàárà á dúró síwájú rẹ̀, tí fọ́tò á sì jáde bí ẹni pé inú ọgbà òdòdó ló wà, tàbí ẹnu ọ̀nà ilé alájà méjì, tàbí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun yòówù kó wà nínú aṣọ náà, sánmà gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ sánmà yà tó o ní gbogbo agbègbè wa.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti fi òfin kan lé e lọ́wọ́ kó tó yọ̀ǹda rẹ̀: kò gbọdọ̀ ya sánmà láì po ọ̀dà funfun mọ́ búlúù. Búlúù tó bá wọ̀ jù, ọ̀gá ní, á gbé ojú oníbàárà mì. Àti pé sánmà tí kò ní funfun nínú, aṣọ lásán ni, ẹni tó bá lójú á mọ̀. Bàbá Sánmà di òfin yìí mú ṣinṣin, títí irun òun náà fi po funfun mọ́ dúdú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni oníṣẹ́ fọ́tò tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-ṣẹ́jú, nítorí ohun tó máa ń pariwo mọ́ oníbàárà nìyẹn, tí òun fúnra rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú wìrìwìrì bó bá ń tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ déédéé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ya fọ́tò níwájú aṣọ alájà méjì ní ṣọ́ọ̀bù Má-ṣẹ́jú, ó sì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Kò pẹ́, ìyá dé, tòun ti ẹní, ìkòkò àti ìrọ̀rí rẹ̀. Kò rí ọmọ. Ló bá ń na fọ́tò náà sáwọn èèyàn lójú pópó, ó ń bèèrè ilé, títí ẹnìkan fi júwe ṣọ́ọ̀bù fún un. Ó wọlé, ó rí aṣọ lára ògiri. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀kùn tí Bàbá Sánmà fi ọ̀dà yà. Ilẹ̀kùn náà mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ.

"Ìwọ lo kọ́ ilé yìí?" ni ó bi Bàbá Sánmà, tó dúró síbẹ̀ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Èmi ni, Màmá."

"O ṣeun. Ó dára. Yàrá wo ni tèmi níbẹ̀?"

Má-ṣẹ́jú rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Sánmà kò lè rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn, ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé ni kí òun náà di òbí tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tí kò ní yàrá lẹ́yìn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí ọmọ kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, ni ọmọ bá gba ilé ṣe. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á fọwọ́ lé ìbàdí: "Bàbá, ẹ tún ti fi ṣòkòtò nu búrọ́ọ̀ṣì!" Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é ní Màmá Kékeré. Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ gbé e lọ sí ìlú kan lórí òkè, òkè tí ọkọ̀ ń gùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó débẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ òtútù ló gbà á, ó sì ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Lẹ́yìn tó lọ, ilé dákẹ́ jù. Yàrá kan àti pálọ̀ ni. Iṣẹ́ aṣọ ẹ̀yìn náà ti ń kú lọ, nítorí fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, ibi tó bá wu kálukú ló ti ń ya ara rẹ̀. Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé nìkan ló kù fún Má-ṣẹ́jú, aṣọ funfun ló sì ń lò fún ìyẹn, kò nílò ayàwòrán. Gbogbo aṣọ ẹ̀yìn tí kò rẹ́ni gbé mọ́ ni Bàbá Sánmà ká jọ, ó kó wọn dúró sí igun pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ bí àlejò tí a ní kó jókòó, tó kọ̀. Bí ó bá ń jẹun, á máa wò wọ́n. Nígbà mìíràn á ní, "Ẹ wá jẹun o," á sì dákẹ́ díẹ̀, bóyá ẹnìkan á dáhùn.

Ọjọ́ kan ni fọ́tò dé sórí fóònù rẹ̀. Màmá Kékeré ni. Ó wọ kóòtù tó nípọn, ó fara ti ògiri òkúta, ó ń rẹ́rìn-ín. Sánmà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí sánmà ọ̀hún ṣe rí: búlúù ni, ṣùgbọ́n ó wọ̀, ó jìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú lókè pátápátá, bí aró tí ẹnikẹ́ni kò tíì bu omi lù. Kò sí ìkùukùu níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Bàbá Sánmà gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó mú fóònù, ó di ọ̀dọ̀ Má-ṣẹ́jú, ó ní kó tẹ fọ́tò náà jáde.

"Wò ó dáadáa," ni ó wí. "Kí lo rí?"

"Mo rí ọmọ rẹ. Ó ti sanra díẹ̀. Orí ló yọ ọ́, kò fojú jọ ìwọ."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ọmọ. Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́?"

"Sánmà."

"Sánmà wo? Níbo lo ti rí sánmà tó rí báyìí rí? Aṣọ ni! Ọ̀lẹ kan ló yà á. Kò po funfun mọ́ ọn, kò tiẹ̀ ya ìkùukùu."

Má-ṣẹ́jú ṣẹ́jú. "Fóònù ayé ìsinsìnyí máa ń bu kún àwọ̀ nígbà mìíràn."

"Tó bá jẹ́ fóònù ni, kí ló dé tí kóòtù ò yí padà? Wo ojú ọmọ náà, wo ògiri yẹn. Gbogbo ẹ̀ ló wà bó ṣe yẹ kó wà. Sánmà nìkan ló yàtọ̀."

"Lọ bá sánmà jà nígbà náà. Oníbàárà mi ti ń wo aago, kò sì yẹ kó bojú jẹ́ kí n tó yà á."

Bàbá Sánmà ká fọ́tò náà mọ́ abíyá, ó ń rìn lọ sílé, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́rìí lòdì sí sánmà yẹn. Kí ni yóò gbé èèyàn dúró síwájú aṣọ, bí kò bá jẹ́ pé ibi tó wà gan-an kò ṣeé fi hàn? Kóòtù yẹn ńkọ́? Má-ṣẹ́jú alára ní kóòtù kan lórí ìṣó tí oníbàárà máa ń yá wọ̀, tí wọ́n fi pín-ìn-nì há lẹ́yìn. Ó wá rántí àwọn nǹkan mìíràn. Bí Màmá Kékeré bá pè é, ńṣe ló máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìgbà kan tún wà tó ní òun gbé ẹ̀wà kaná láti àárọ̀, omi ń hó yaya, ẹ̀wà kò sì rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Omi ń hó, ẹ̀wà ò rọ̀! Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Kò sí òkè níbì kankan, ni Bàbá Sánmà sọ fún ara rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ aṣọ òtútù. Ọmọ mi ń jìyà níbì kan, ó sì ń fi aṣọ bò mí lójú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, fóònù dún.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ rí fọ́tò?"

"Mo rí i. Ta ló ya aṣọ ẹ̀yìn yẹn fún ẹ?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Aṣọ ẹ̀yìn kẹ̀? Sánmà wa nìyẹn. Bó ṣe máa ń rí níbí nìyẹn, Bàbá."

"Màmá Kékeré, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ o. Èmi tí mo fi sánmà tọ́ ẹ dàgbà."

"Bàbá..."

"Kí ló dé tí ò ń mí báyẹn? Ta ló ń lé ẹ?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn ni. Ibí ga, èémí kì í tó èèyàn..."

"Ẹ̀wà náà ńkọ́? Ibí ga ni ò jẹ́ kó rọ̀? Níbo lo wà gan-an? Bó bá jẹ́ abẹ́ afárá lò ń sùn, sọ fún mi, mi ò ní bínú. Ṣáà má fi aṣọ bò mí lójú."

Ọmọ náà mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ṣé òpùrọ́ lẹ̀ ń pè mí ni, Bàbá?"

Rárá ló yẹ kí Bàbá Sánmà wí. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Sánmà yẹn ló ń purọ́. Ìwọ lo sì dúró síwájú ẹ̀."

"Ó dáa. Nígbà tẹ́ ẹ bá gba sánmà mi gbọ́, ẹ pè mí."

Kò pè mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, Bàbá Sánmà á bọ́jú, á wọ ẹ̀wù tó mọ́, bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà á rí i látinú fóònù. Á gbé fóònù sórí àpótí níwájú rẹ̀. Á jókòó. Àwọn aṣọ ẹ̀yìn á dúró yí i ká. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á bọ́ ẹ̀wù náà, á fi í kọ́.

Òun náà lè pè, àbí? Nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pè láì gba sánmà náà gbọ́, a jẹ́ pé ó ti gbà láti máa bá irọ́ ṣeré, kí ọmọ rẹ̀ máa jìyà lẹ́yìn aṣọ, kí òun máa bèèrè ìlera rẹ̀ níwájú aṣọ. Ó wá fi àdéhùn kan sí ọkàn ara rẹ̀: bí òun bá rí búlúù yẹn lójú ọ̀run, lẹ́ẹ̀kan péré, òun á pè é. Bí òun kò bá rí i, òun á mọ̀ pé òun ti pàdánù ọmọ.

Ó mú pátákó pẹlẹbẹ kan, ó po ọ̀dà títí ó fi bá ti inú fọ́tò mu. Kò fi funfun sí i rárá. Ó ń bojú wẹ̀yìn bó ti ń kùn ún, bí ẹni tó ń jalè níṣojú ọ̀gá rẹ̀ tó ti kú. Ó ń gbé pátákó náà káàkiri. Bó bá dé ìta, á nà án sókè, á fojú kan dí, á fi wé sánmà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ekuru ti gba gbogbo afẹ́fẹ́, sánmà sì funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

"Bàbá Sánmà," ni obìnrin aránṣọ tó wà lódìkejì títì á wí, "ṣé ó ti bá a mu?"

"Kò tíì bá a mu."

"Ẹ jẹ́ n bá yín dín in kù, bóyá ó tóbi jù fún un ni!"

Fọkanáísà tó ń lẹ táyà nígun títì náà á gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Bàbá, ẹ̀ bá bá mi bi í bóyá òjò á rọ̀ lónìí."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì gbé pátákó rẹ̀ wọlé. Láàárọ̀, sánmà funfun. Lọ́sàn-án, ó funfun. Ní ẹ̀gbẹ́ oòrùn, ó tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀. Lálẹ́, á gbé pátákó náà ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ibi tí Màmá Kékeré máa ń jókòó sí.

Ìgbà tó yá, òjò dé. Kì í ṣe òjò ṣeréṣeré. Ó rọ̀, ó tún rọ̀, ó fọ ewé, ó fọ títì, ó fọ ẹnu àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Òrùlé Bàbá Sánmà ń jò sórí àwọn aṣọ ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ilé alájà méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sílẹ̀. Nígbà tí òjò dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó yá àkàbà, ó ki ìṣó bọnu, ó ki òòlù bọ ṣòkòtò, pátákó sì wà láyà ẹ̀wù rẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ó gùn ún. Kò tíì dé òkè tán tí àyà rẹ̀ ti ń lù kìkì. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí páànù, kò lè mí, ló bá yí ara rẹ̀ padà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Adìẹ kan wà lórí òrùlé náà tó sàba síbi kọ̀rọ̀, ó ń wò ó bí onílé tí ń wo ayálégbé.

Bàbá Sánmà la ojú. Ó gbàgbé ìṣó tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní àárín gbùngbùn òkè orí rẹ̀, sánmà jìn. Kì í ṣe sánmà tí òun ń yà láti ọjọ́ ayé rẹ̀, èyí tí òun máa ń wò látẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, lókè orí àwọn ilé. Búlúù gidi ni. Ó fa pátákó yọ, ó nà án sókè. Ti pátákó ṣì wọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pátákó náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìhà àwọn òrùlé tó jìnnà, sánmà sì ń ṣá bó ti ń sọ̀ ọ́, ó ń ṣá, ó ń ṣá, títí ó fi di wàrà létí ilẹ̀. Sánmà kan náà ni, láàárọ̀ kan náà. Ta ló po funfun mọ́ ọn nísàlẹ̀?

Bó bá ń wo etí ilẹ̀, ojú rẹ̀ ń la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá, tòun ti ekuru àti ọ̀rinrin inú rẹ̀. Bó bá wòkè gan-an, díẹ̀ ló ń là kọjá. Òjò sì ti gbá ekuru kúrò. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀dà funfun! Bí ẹnìkan bá wá gun òkè, tó gùn ún láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó fi èyí tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ yìí sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ èémí ara rẹ̀. Hẹlẹ, hẹlẹ, hẹlẹ. Ohùn Màmá Kékeré ló gbọ́ nínú àyà rẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti pọ̀, kí ni èèyàn á fi mí?

Ó wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún. Adìẹ nìkan ló wà níbẹ̀. "O rí i?" ni ó bi í. Adìẹ yí ìdí sí i.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n ó bọ́jú, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́. Fóònù dún, ó dún, ó dún títí, ó kù díẹ̀ kó kú kí ẹnìkan tó gbé e.

"Ẹ̀wà yẹn," ni Bàbá Sánmà wí, "ṣé ó ti rọ̀?"

"Kò tíì rọ̀, Bàbá," ni ọmọ náà wí, kò sì yéni bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun.

"Afẹ́fẹ́ ni, àbí? Afẹ́fẹ́ ni ọ̀dà funfun."

"Ẹ ò gbọ́ nígbà tí mò ń sọ ọ́." Ló bá ṣàlàyé fún un bí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti ṣàlàyé fún un: pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní gbogbo àwọ̀ nínú, afẹ́fẹ́ ló ń fọ́n búlúù inú rẹ̀ ká ojú ọ̀run, ekuru àti ọ̀rinrin ló sì ń fọ́n àwọn yòókù mọ́ ọn tó fi ń funfun. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí èèyàn kéré, òkùnkùn tó wà lẹ́yìn sánmà sì fẹ́ máa yọjú. Afẹ́fẹ́ kékeré yẹn náà ni kì í tó èèyàn mí. Òun náà ni kì í jẹ́ kí omi gbóná tó kó tó máa hó, tí ẹ̀wà fi ń ṣagídí.

Bàbá Sánmà fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde ni: "Mo gun òrùlé lọ wò ó."

"Ẹ gun kí ni? Bàbá! Pẹ̀lú ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn? Ta ló di àkàbà mú fún yín?"

"Kò sẹ́ni."

"Kò sẹ́ni," ni ọmọ náà tún wí, jẹ́jẹ́.

Bàbá Sánmà ní òun fẹ́ wá wo sánmà náà. Ọmọ ní kò ṣeé ṣe. Pẹ̀lú àyà tí ọ̀dà ti ń wọ̀ láti kékeré, tó ń ṣépè fún àkàbà lásán, òkè yẹn á gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Sánmà mọ̀ pé òótọ́ ni, kò sì bá a jiyàn. Ohun tó mú kí sánmà ọmọ náà dára tó bẹ́ẹ̀ gan-an ni kò ní jẹ́ kí òun débẹ̀ láéláé.

Ó ra aṣọ tuntun, ó ya sánmà sórí rẹ̀, kò fi funfun kankan sí òkè rẹ̀, ohun tí kò ṣe sí aṣọ ẹ̀yìn kankan rí. Kò ya ilé sí i, kò ya òdòdó, kò ya ìkùukùu. Ó yá kóòtù Má-ṣẹ́jú wọ̀, ó fara ti ògiri tó ta á sí, ó rẹ́rìn-ín.

"Má ṣẹ́jú!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo, tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Màmá Kékeré.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, fóònù dún. "Bàbá mi, ta ló ya aṣọ ẹ̀yìn yẹn fún yín?"

"Aṣọ ẹ̀yìn kẹ̀? Sánmà wa nìyẹn."

"Ó dáa o. Ṣùgbọ́n búlúù ẹ̀ kò tíì wọ̀ tó!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èémí fi tán lẹ́nu àwọn méjèèjì. Nígbà tí fóònù dákẹ́, Bàbá Sánmà gbé àga síwájú aṣọ náà, ó jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn ó dìde, ó gbé àga kejì wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn, eyín mi sì ṣì wà níbi tó wà. Ó ku ohun kékeré kan. Adìẹ yẹn, èmi ni mo gbé e sórí òrùlé. Kò sí adìẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo débẹ̀ nínú ìtàn, mo rí i bó ti fẹ̀yìn lélẹ̀ tó ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún, n kò sì lè fi í sílẹ̀ lóun nìkan.